Ẹni Tí Yóò Tú Jelka Sílẹ̀

Perka kì í bẹ ènìyàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Suvi Laz, abúlé wa tó wà lábẹ́ òkè Stara, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún yín nípa rẹ̀ nìyẹn. Ogun gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un, Mileta ọkùnrin àti Jelka obìnrin, síbẹ̀ kò dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni rí pé kí wọ́n wá bá òun túlẹ̀. Òun àti màlúù kan ṣoṣo ló ń túlẹ̀ orí òkè yẹn. Bí aládùúgbò bá ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, á ní, "Ọwọ́ mi ò tíì gé." Àwọn kan ń pè é ní akíkanjú. Èmi ń pè é ní olóríkunkun, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Oṣù kan náà ni wọ́n bí ọmọ méjèèjì, oṣù tí a ń ká èso àjàrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méje ló wà láàárín wọn. Ọmọ oṣù kan là ń pe irú wọn níbí. A gbà pé okùn ẹ̀mí wọn kan náà ni, pé ibi tí ọ̀kan bá lọ, ìkejì á fẹ́ bá a lọ. Nígbà tí ara bá le, a máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín. Bí Mileta bá sín, àwọn àgbà á sọ fún Jelka pé kó nu imú.

Ní oṣù kejì ọdún 1954, yìnyín bo ilé dé ojú fèrèsé. Ilé mẹ́rin péré ni èéfín ti ń jáde ní abúlé nígbà náà, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ lọ wáṣẹ́ nílùú. Láàárín yìnyín yẹn ni òtútù àyà dá Jelka dùbúlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó máa ń gbé garawa omi méjì gun òkè pẹ̀lú orin lẹ́nu, kò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí mọ́. Perka rẹ ewé kábéèjì sínú ọtí kíkan, ó tẹ́ ẹ sí i láyà. Ó fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa á lẹ́yìn. Ara ọmọ ń gbóná sí i ni.

Ìyàwó Mileta ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ jáde. Florika ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ogún ọdún, ará Vlah láti abúlé tó wà lẹ́yìn òkè, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè tiwọn. Oṣù mẹ́rin péré ló tíì lò nílé náà, Perka ò sì pè é lórúkọ rí. "Ìwọ yẹn" ló ń pè é, tàbí "ará ẹ̀yìn òkè," nítorí pé Mileta mú un wálé láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Mileta, wọ bàtà ẹ," ni Florika wí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. "Itọ́ ẹ̀ ti ń pọ́n. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn. Lọ bá dókítà."

"Nínú yìnyín yìí?" Perka dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ ààrò. "Ta ló bi ẹ́ léèrè? Ẹ jẹ́ kó dá ná."

"Àìsàn ò ní dúró de yìnyín, Màmá."

"Èmi kọ́ ni ìyá ẹ."

Mileta wo àwọn obìnrin méjèèjì, ó wo àbúrò rẹ̀ tó ń mí gúlegúle, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. "Jelka, má kú kí n tó dé o. Mi ò lè rin irú ìrìn yìí lásán." Jelka fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Ajá Sredoje, bàbá arúgbó aládùúgbò wọn tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ló rí Mileta ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó jókòó sínú kòtò tó wà nísàlẹ̀ ilé ìlọkà, ó fẹ̀yìn ti igi kan, ó ti gan. Ó ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ti ń bọ̀ wálé ni. Ìdì oògùn oníhóró kékeré kan wà láyà rẹ̀, lábẹ́ ẹ̀wù méjì, níbi tí yìnyín ò ti kàn án. Ibi tó kú sí ò jìnnà ju ibi tí ènìyàn lè ti pariwo kí wọ́n gbọ́ ọ nílé.

Perka ò sunkún nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Ó gba oògùn náà, ó lọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ omi, ó fi ṣíbí ya eyín Jelka, ó sì dà á sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló yí padà sí Florika, tó ti ń nawọ́ sí ojú ọkọ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án! Ìwọ lo rán an. Ìwọ lo ní kó wọ bàtà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Jáde! Padà sẹ́yìn òkè yín!"

Ó tì í síta láìní aṣọ òtútù lọ́rùn, ó sì fi irin há ilẹ̀kùn. Ìwà ìkà ni, ẹ má jẹ́ kí n bò ó. Spasenija, ìyàwó Sredoje, ló wá mú Florika lọ sí ẹ̀bá iná tiwọn, pé kó dúró níbẹ̀ títí ọ̀nà á fi là kó lè padà sílé ìyá rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Sredoje fi pákó ilẹ̀kùn àká ṣe pósí. Kò sí àlùfáà tó lè gun òkè wá. Jelka ò lajú mọ́ àfi bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ́ Mileta sínú pósí, Sredoje bọ́ fìlà, ó sì sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ti ń rò.

"Perka, ọmọ oṣù kan ni wọ́n. A ò lè kan pósí yìí pa kí ẹnì kan tó tú ọmọ yẹn sílẹ̀."

Ó mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Bí ọ̀kan nínú ọmọ oṣù kan bá kú, a ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹṣin so ẹsẹ̀ òkú mọ́ ẹsẹ̀ alààyè, a ó sì tì í pa. Alààyè á bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ẹnì kan gba òun. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà tó bá ti yí i, ọmọ ìyá ni wọ́n títí ayé, ó sì ti gba ìdajì ẹrù tí òkú ń fà. Bí wọ́n bá sin òkú láì ṣe é, ìkejì á tẹ̀ lé e. Bí òtítọ́ ni, bí irọ́ ni, ẹ má bi mí. Mi ò rí ẹni tó láyà láti dán an wò.

"Ẹ bá mi tú u, Bàbá," ni Perka wí.

Ojú ti Sredoje. "Ọmọ mi, wò mí dáadáa. Bí mo bá gbà á lónìí, tí mo kú nígbà tí ewé bá rú, èmi náà á tún fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni Spasenija. Lọ bá Vukosava."

Vukosava ló ń gbé ilé kẹta, ọmọ mẹ́ta ló ní. Ilé kẹrin, àbúrò ọkọ Perka ló ni ín, ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ sí Jelka, kò lè ṣe é. Perka la yìnyín tó mu ún dé ìbàdí kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà Vukosava. Vukosava ò ṣí i. Ó sọ̀rọ̀ láti inú ilé.

"Mo gbọ́. Mo ti mọ ohun tí o wá bèèrè. Ṣé ara ọmọ náà ti balẹ̀?"

"Kò tíì balẹ̀."

"Ẹni tó ti ń lọ lo fẹ́ kí n gbà ní àbúrò? Bó bá lọ lọ́la ńkọ́, ta ni yóò kàn? Mo lọ́mọ mẹ́ta, Perka."

"Vukosava, mo bẹ̀ ọ́."

 Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì kéré, "Mo wá bá ọ nígbà tí ọkọ rẹ kú. Mo gbé àlìkámà wá. O ní ọwọ́ rẹ ò tíì gé." Perka gbá ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan, kò tún gbá a mọ́. Òótọ́ ni.

Ó padà bá Sredoje nínú àgbàlá. Ọkùnrin arúgbó náà ti kó òòlù àti ìṣó sílẹ̀, kò sì wò ó lójú. "Ó ku ẹnì kan," ni ó wí. "Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yín. Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ sì le. Ó wà lẹ́bàá iná mi."

Perka kọjú sí ilé Sredoje.

"Ṣùgbọ́n kí o mọ ohun tí o ń lọ bèèrè o. Ẹni tó bá di ẹ̀gbọ́n Jelka, ó ti di àbúrò Mileta. Obìnrin kan kò lè jẹ́ àbúrò ọkùnrin kó tún jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bó bá ti yí kọ́kọ́rọ́ yẹn, kì í ṣe opó mọ́. Kò ní sunkún rẹ̀ bí ìyàwó. Kò tiẹ̀ ní dé ojú oórì, torí ẹni tí wọ́n tú àti ẹni tó tú u gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, kí fèrèsé wà ní bíbò, títí òkú á fi wọlẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Perka wí.

Florika jókòó sẹ́bàá iná pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ tí Spasenija bá a kó wá ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Nígbà tó rí ẹni tó wọlé, ó dìde dúró, ó sì sún mọ́ ògiri, bí ẹni tó rò pé wọ́n tún fẹ́ lé òun.

"Ṣé ara ẹ̀ ṣì gbóná?" ló kọ́kọ́ bèèrè.

"Ó ń jó."

"Ó mu omi?"

"Ó kọ̀."

"Ẹ má fi ipá fún un lórí ìdùbúlẹ̀. Ẹ gbé e jókòó. Èmi ni mo máa ń gbé e jókòó." Ó gbé ojú sókè wo Perka. "Kí lẹ wá ṣe?"

Perka ti rò ó lọ́nà pé òun á sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń jíṣẹ́.  Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eérú Spasenija, òun tí kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí àfi níwájú ère mímọ́.

"Wá tú u sílẹ̀."

 Àwọn Vlah náà ní àṣà yìí, kò sídìí láti ṣàlàyé fún Florika. Ó mọ iye tó jẹ́.

"Láti àná ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹkún tí màá sun lójú oórì ẹ̀ pọ̀," ló wá wí. "Èdè yín ni mo fi ń tò ó, kí ẹ̀yin náà lè gbọ́ ọ. Oṣù mẹ́rin, Màmá. Oṣù mẹ́rin péré ni mo fi ṣe ìyàwó. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ yẹn, kí ló kù fún mi?"

"Kò sí."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní parọ́ fún mi?"

"Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fún ẹ. Mo lé ẹ jáde, mo sì tún wá gba èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹyọ kan ló kù fún mi, Florika."

Bí orúkọ náà ṣe jáde, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Florika fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ dìde nínú eérú. Màá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Kí n tó yí i. Kí n ṣì jẹ́ ìyàwó."

Wọ́n gbé Jelka sórí awọ àgùntàn, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Sredoje ní kí gbogbo ènìyàn kọjú sógiri. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé kò pẹ́ púpọ̀. Wọ́n gbọ́ tí Florika ń fi ìyarun ya irun ọkọ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè Vlah. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó tó."

Sredoje kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Ó fi apá kan ti ẹsẹ̀ òtún Mileta, ó fi ìkejì ti ẹsẹ̀ òsì Jelka. Irin náà tutù, Jelka gbọ̀n, ó sì lajú.

"Bẹ̀bẹ̀, ọmọ mi," ni Sredoje wí.

Jelka bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n mi nínú Ọlọ́run, tú mi sílẹ̀." Ó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ikọ́ mú un, ó wú u títí ètè rẹ̀ fi dúdú, orí rẹ̀ sì ṣubú sẹ́yìn.  Kò sẹ́ni tó lè bá a sọ ọ́. Perka bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ kó má baà sọ ọ́ fún un, kí ó má baà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Jelka!" ó wá pariwo. "Jelka, sọ ọ́! Má fi mí sílẹ̀ sílé òfìfo!"

Ètè ọmọ náà mì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Florika bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí lé e lẹ́nu gan-an, ó dúró bẹ́ẹ̀, Perka sì ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Mo gbọ́ ọ," ni Florika wí. "Ó sọ ọ́."

Bóyá ó gbọ́ ọ lóòótọ́, bóyá kò gbọ́, òun nìkan ló mọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú kọ́kọ́rọ́. Ìpáàrà ti jẹ àgádágodo náà, ó mí èémí gbígbóná sí i, ó tún yí i, awọ ìka rẹ̀ bó. Ní ìgbà kẹta ló ṣí. Ó bọ́ irin kúrò lẹ́sẹ̀ Jelka, ó fẹnu kò ó níwájú orí, ó sì sọ ohun tó yẹ ní sísọ: "Àbúrò mi ni ọ́, láyé àti lọ́run." Ohùn rẹ̀ ò mì. Lẹ́yìn náà ló tú ẹsẹ̀ Mileta sílẹ̀, ó gbé e padà sínú pósí, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀ mọ́.

Sredoje kan ìṣó. Bí òòlù bá dún, Florika á mú Jelka mọ́ra. Wọ́n fi aṣọ ìbora bo fèrèsé, wọ́n gbé òkú jáde, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ àwọn méjèèjì.

Ènìyàn mẹ́fà ló dé ojú oórì, Vukosava náà wà lára wọn, ó bojú. Níbí, ìyàwó ló máa ń kọ́kọ́ dárò, ìyá á wá tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ pósí kalẹ̀, gbogbo ènìyàn sì dúró. Kò sí ìyàwó. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fẹ́. Mileta fẹ́ wọlẹ̀ láìní obìnrin tó pè é ní ọkọ.

Perka bọ́ síwájú, ó tú gèlè, ó la ẹnu.

"Mileta, ọkọ mi," ni ó wí.

"Perka, ìyá ni ọ́," Vukosava sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Perka ò wẹ̀yìn.

"Mileta, ọkọ mi, ta lo fi mí lé lọ́wọ́? Oṣù mẹ́rin ni mo sùn tì ọ́, mi ò tíì mọ ibi tí o ń fi ọ̀bẹ rẹ sí. Mo ti hun ìbọ̀sẹ̀ kan fún ọ, ó ku ìkejì. Èmi ni mo ní kí o wọ bàtà. Má bínú. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún ní kí o wọ̀ ọ́, nítorí àbúrò rẹ ló ń kú lọ, ìwọ náà kò sì jẹ́ jókòó. Ìyá rẹ tì mí síta lánàá, kò jẹ́ kí n kàn ọ́. Dárí jì í bí o bá lè. Èmi ò tíì mọ̀ bóyá màá dárí jì í. Mileta, ìyàwó rẹ ni mí. Ìyàwó rẹ ló ń pè ọ́."

Sredoje yọ fìlà, kò tún dé e mọ́ títí wọ́n fi bo ilẹ̀. Perka ò sun ẹkún ìyá. Ó ní agbára òun ti tán.

Kí n má fi yín sínú òkùnkùn: Jelka ò kú. Lọ́jọ́ kejì ni òógùn bò ó, ara rẹ̀ sì tutù bí ẹni tó ti inú odò jáde, ó sì dàgbà, ó sì lọ́mọ. Àwọn kan ní oògùn tó wà láyà Mileta ni, àwọn kan ní kọ́kọ́rọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn, Perka ò mọ̀. Ó dúró níta, lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, pẹ̀lú yìnyín lórí, ó ń fetí sílẹ̀ bóyá òun á gbọ́ ẹkún, kò sì lè ṣí i.

"Ta nìyẹn?" ni Florika bèèrè láti inú ilé.

"Èmi ni."

"Ẹ wọlé. Ó mu omi ṣíbí mẹ́ta. Ó ń sùn."

Ara Jelka ṣì gbóná, èémí rẹ̀ ṣì ń ha. Florika jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí ibùsùn, ó gbé e lé àyà kó lè mí. Perka bọ́ bàtà, ó jókòó sí etí ibùsùn. 

"Ta ló sunkún ẹ̀?" ni Florika bèèrè.

"Èmi."

"Ẹkún ìyá."

"Rárá. Ẹkún ìyàwó. Mo sun ún fún ẹ."

Florika wò ó. "Kí lẹ sọ?"

Perka sọ ọ́ fún un, ní ohùn kékeré kí ọmọ má baà jí. Ó sọ nípa ọ̀bẹ, ó sọ nípa ìbọ̀sẹ̀, ó sọ nípa bàtà. Nígbà tó dé ibi tí ìyá ti tì í síta, ó fẹ́ fò ó, kò fò ó. Florika ki aṣọ bọ ẹnu, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ara rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n apá tó gbé Jelka dúró kò mì.

"Ẹ tún un sọ, Màmá."

Perka tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìbọ̀sẹ̀, Florika mi orí.

"Méjèèjì ni mo ti hun tán," ni ó wí. "Òun ló wọ̀ lọ."

Perka tún ibẹ̀ ṣe, ó sì ń bá a lọ.